Ẹ̀wọ̀n Míìsì lórí Afárá Àwẹ̀rẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, n kò sì bá wọn jiyàn. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni ohun tí arọ náà yóò ṣe bó bá ti gbọ́, tó sì ti gbọ́n, tí àwọn ará ilé rẹ̀ wá ń jiyàn lórí ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n sá lọ. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí gan-an nìyẹn ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, nígbà tí àwa àgbẹ̀ abà mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn Ilero gbógun ti àwọn tó fẹ́ fi omi bo ilẹ̀ wa.

Èmi Mọ́nsúrù, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ògbufọ̀ ogun náà. N kò gbé ìbọn, n kò gbé àdá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹnì kan lọ sí etí ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, ẹni tó sọ ọ́ ni wọ́n ń yìn. Bó bá korò, èmi ni gbogbo ojú ń wò. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ mẹ́ta náà, inú a máa bí mi, n kò sì tíì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ìjọba ló fẹ́ sé odò Àwẹ̀rẹ̀ láti fi ṣe iná mànàmáná. Omi tí wọ́n bá sé yóò tẹ́ rẹrẹ dé ìdí òkè, abà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, toko, tilé, tibojì. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè. Oko bàbá mi ló kọ́kọ́ wà bí ènìyàn bá ti sọdá afárá, bàbá mi fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀, lábẹ́ igi irúgbá tí a sin ín sí. A wá lọ́yà lọ sí Ìbàdàn. Lọ́yà ní adájọ́ yóò gbọ́ ẹjọ́ wa ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù. Ó ní bí katapílà kankan kò bá tíì sọdá odò dọjọ́ náà, adájọ́ lè dá iṣẹ́ náà dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọdá, tí wọ́n ti hú igi kan péré, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí adájọ́ tí yóò ní kí ìjọba padà sẹ́yìn. Àárọ̀ Sátidé sì ni àwọn katapílà náà ń bọ̀. Ọjọ́ méjì péré la ní láti di afárá Àwẹ̀rẹ̀ mú.

Olórí ogun wa ni Ládòkun, àgbẹ̀ oníṣu tó ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, tí ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ bó bá ń wo ènìyàn. Ó jagun Àgbẹ̀kọ̀yà ní ọdún méjìlá ṣáájú, ó sì gbé òkú ọkùnrin mẹ́ta wálé láti ojú ogun náà. Ọjọ́ yẹn ló fi ahọ́n kan àdá, tó búra pé òun kò tún ní kó ọmọ ọlọ́mọ síwájú ìbọn mọ́. Jẹ́ẹ́dé àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ, ní ìbọn mẹ́rin nílé, ojoojúmọ́ ló sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn gbé e jáde. Ládòkun kò gbà. Ìtì igi la kọ́kọ́ fi dí afárá nínú oṣù Kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀mejì la gbé e síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọlọ́pàá yí i sódò kí oòrùn tó mú. Nígbà náà ni mo kọ lẹ́tà sí Míìsì.

Rágínà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni, ní apá àríwá pátápátá, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá fún odindi oṣù méjì. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ ogun Jámánì tó ń sá padà dáná sun gbogbo ìlú wọn kí ọ̀tá má baà rí ibi forí pamọ́ sí. Inú ihò àpáta ni òun àti ìyá rẹ̀ ti lo ìgbà òtútù ọdún náà. Nígbà tó dàgbà, ó wá sí Ṣakí ní 1964, ó sì kọ́ wa ní ìṣirò fún ọdún méjì ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́. Míìsì là ń pè é nígbà náà, Míìsì náà ló sì kù sí mi lẹ́nu.

Ó padà sílé, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn olóṣèlú apá òsì, àwọn tó ní kí ohun tó wà nínú ilẹ̀ àti nínú òkun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ní 1973 wọ́n dìbò fún un wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó bá àwọn ọlọ́kọ̀ ẹja ńlá jà níbẹ̀, ó bá àwọn tó ń ta ohun ìjà jà, nígbà tó sì yá, ó bá àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà jà nítorí wọ́n ní kó dẹ ohùn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìbò fọ́ ẹgbẹ́ wọn túútúú, àga sì bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1981, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dí ọ̀nà kan nínú yìnyín nítorí odò tí ìjọba wọn fẹ́ sé. Àwọn ọlọ́pàá gbé wọn kúrò, iṣẹ́ ń lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ó tún du ipò aṣòfin, ó tún fìdí rẹmi. Ẹ wá wò ó o. Nínú gbogbo ayé, ẹni tí wọ́n ti ṣẹ́gun nígbà mẹ́ta ni èmi kọ lẹ́tà sí pé kó wá kọ́ wa bí a ṣe ń ṣẹ́gun.

N kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa. Mo ní aṣòfin ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fún wọn lókun, mo sì jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ó dé ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn alùpùpù tó gbé e láti Ìsẹ́yìn, eruku ọyẹ́ bo gbogbo ojú rẹ̀. Kò tíì mu omi tán tó fi ń bi mí bí afárá náà ṣe fẹ̀ tó àti iye irin tó wà létí rẹ̀. Ó ní kí n rán Jẹ́ẹ́dé lọ ra irú ẹ̀wọ̀n tí àwọn onígẹdú fi ń so igi mọ́ ọkọ̀, pẹ̀lú àgádágodo mẹ́fà. Mo rán Jẹ́ẹ́dé. N kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Jẹ́ẹ́dé pẹ̀lú kò béèrè. Ó rò pé ojú ọ̀nà la fẹ́ fi dí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ ogun jókòó sábẹ́ ìsọ̀ tí Àwáwù ti ń ta iṣu. Ìyàwó ilé Ládòkun ni Àwáwù, òun ló ń bọ́ ogójì ọkùnrin láti ọjọ́ tí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu lọ. Ládòkun jókòó sórí àpótí, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀.

"Mọ́nsúrù, kí aṣòfin káàbọ̀ fún wa," ó wí. "Bi í bóyá ìjọba tiwọn lè bá ìjọba tiwa sọ̀rọ̀ kí Mọ́ńdè tó pé."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Míìsì wò mí fínnífínní. "Ṣé o kò sọ fún wọn pé mo ti fìdí rẹmi ni?" ó bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

"Àyè kò yọ, Míìsì."

"Àyè ti yọ báyìí. Sọ fún wọn."

Mo kọjú sí àwọn àgbà. Mo húkọ́. Mo ní, "Ó ní òun yóò sa gbogbo ipá òun."

Mo ti gbàgbé pé obìnrin náà lo ọdún méjì ní Ṣakí. Ó dìde. "Rárá. Mọ́nsúrù purọ́," ó wí ní Yorùbá, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Èmi kì í ṣe aṣòfin mọ́. Wọn kò dìbò fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀?" Jẹ́ẹ́dé ní.

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Àwáwù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi òyìnbó yìí ṣe tíṣà, kí tíṣà máa lọ."

Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ládòkun kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí ìtìjú fi bo ojú mi. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Míìsì. "Wọ́n ti lé ọba kúrò nílùú rí, ó sì tún padà wá jọba. Jókòó, ìyá. Ogun kò béèrè ipò lọ́wọ́ ẹni. Kí lo mú wá?"

Jẹ́ẹ́dé tú àpò sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n wọ́ jáde sórí ilẹ̀. Ó ní, "Òun rèé. Ibi tí a ó so ó mọ́ ni kó fi hàn wá."

Míìsì gbé ẹ̀wọ̀n náà, ó yí i mọ́ ìbàdí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ìgbà tí ìyá ọmọ ń so ọ̀já, ó sì fi àgádágodo tì í.

Ọkùnrin kan sún àpótí rẹ̀ sẹ́yìn. Ládòkun dìde dúró láìmú ọ̀pá.

"Mọ́nsúrù, kí ni obìnrin yìí ń ṣe?"

"Baba, ó ní ènìyàn la ó so, kì í ṣe ọ̀nà," mo ní, mo sì ń túmọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ sí mi létí. "Ó ní ìtì igi, wọn á yí i sódò. Ẹni tó bá dúró lásán, wọn á tì í dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀wọ̀n so mọ́ irin, àfi kí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ̀wọ̀n náà jẹ́jẹ́ kí wọ́n má baà rẹ́ òun náà. Ó ní bí ogún ènìyàn bá so ara wọn mọ́ afárá, Mọ́ńdè yóò bá wọn níbẹ̀."

"Tú u kúrò lára rẹ̀."

"Baba, ẹ jẹ́ kó—"

"Mo ní kó tú u."

Míìsì ṣí àgádágodo. Ládòkun kò padà jókòó. Ó ń sọ̀rọ̀ sí mi, ṣùgbọ́n gbogbo ìsọ̀ ló ń gbọ́.

"Sọ fún un pé àwọn ará Dàhọ̀mì kó ìyá bàbá mi ní ojú oko, ó wà ní wúńdíá nígbà náà. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi so ó lọ́rùn. Ọdún mọ́kànlá ló lò kó tó rìn padà wálé. Mo bá a láyé. Mo fi ọwọ́ ara mi kan àpá náà lọ́rùn rẹ̀, ó le bí èpo igi. Ó ní ẹnikẹ́ni nínú ìran òun kò gbọdọ̀ fi ẹ̀wọ̀n kan ara, kò sì gbọdọ̀ fi so ohun ẹlẹ́mìí. Okùn la fi ń so ajá nílé wa. Ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin wa ń fi sọ́rùn, wọn kì í fi ẹ̀wọ̀n góòlù. Ṣé èmi ni yóò wá so ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí mọ́ irin kí ayé wá wò ó?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ojú Míìsì pọ́n. "Sọ fún un pé mo bọ̀wọ̀ fún ìyá náà. Sọ fún un pé wọ́n sun ilé mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtìjú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ ìyá náà wà. Ẹni tó de ara rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Ládòkun gbọ́, ó mi orí. "Ta ní ń rí kọ́kọ́rọ́? Ẹ̀wọ̀n ni ojú ń rí."

"Baba wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n so èmi," Àwáwù ní. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹgbẹ̀rin ebè mi ló wà lọ́hùn-ún. Kí wọ́n so mí, kí n rí iṣu mi wà."

"Ìyàwó, ọmọbìnrin mẹ́ta lo bí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wádìí ilé kí wọ́n tó fẹ́ wọn, kí la ó sọ fún àna? Pé a so ìyá wọn mọ́lẹ̀ nígbà kan?"

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ipò mi. Mo ní, "Baba, ọjọ́ méjì ni o. Ọjọ́ méjì péré. Bí a kò bá dì í mú, kò ní sí ilé tí àna yóò wá wádìí."

"Tíṣà," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ìwọ tó o purọ́ fún wa lónìí yìí ni kò yẹ kó kọ́ wa ní ohun tó yẹ. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ parí sí. Ládòkun pàṣẹ pé ọwọ́ lásán la ó fi dúró lórí afárá, láìsí ìbọn, láìsí ẹ̀wọ̀n. Ogójì ọkùnrin búra, àwọn kan fọwọ́ kan Kùránì, àwọn kan fi ahọ́n kan àdá, pé ẹni tó bá fi afárá sílẹ̀ kí Mọ́ńdè tó dé, kí ilẹ̀ tó fi ń jẹun kọ̀ ọ́. Èmi náà búra.

Ní ìrọ̀lẹ́, Míìsì pè mí sẹ́yìn ilé Àwáwù. Ó ní ìbúra dára, ṣùgbọ́n òun ti rí ogójì ènìyàn tó dúró rí, wọn kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹun. "Àlejò ni mí," ó ní. "Òfin ilé Ládòkun kò mú mi. Èmi nìkan ni n ó so ara mi." Ó fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí okùn so pọ̀ lé mi lọ́wọ́. "Má fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ń sunkún pé kó o ṣí i, má ṣí i. Ọ̀sán Mọ́ńdè. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo fi Ọlọ́run búra. Bí mo ṣe di ẹni tó búra lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan nìyẹn, n kò sì ronú pé ìbúra méjì lè kojú ara wọn.

Ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ Sátidé. A tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti abà lọ sí odò, Àwáwù wà níwájú, ó ń ki olórí ogun:

"Ládòkun, ọmọ arìnnà-Dàhọ̀mì-bọ̀,
ọmọ ẹni tí wọ́n kó tí kò gbàgbé ilé,
ọmọ afokùn-so-ajá má fẹ̀wọ̀n so ó,
wọ́n so ìyá yín, ẹ̀yin kò so ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Míìsì ti wà láàárín afárá. Ó ti na ẹ̀wọ̀n láti irin apá kan dé irin apá kejì, ó sì wà láàárín rẹ̀, ó ti fi àgádágodo ti ara rẹ̀ ní ìbàdí àti ní ọwọ́ méjèèjì. Ó jókòó lé àpò rẹ̀. Ládòkun dúró lójijì, ó sì wò mí. Mo wo odò. Ojú ẹsẹ̀ náà ni a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti ìhà Ilero.

Katapílà mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì níwájú wọn. Ọ̀gá wọn bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wẹ̀, tó mọ́, tó ń rìn bí ẹni tí kò kánjú. Ó rí òyìnbó nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì dúró. Ká ní èmi ló wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá ti fà mí tu pẹ̀lú irin. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kí òyìnbó fara pa lọ́wọ́ òun. Kò sí tẹlifóònù nítòsí. Ó rán ọkọ̀ kan lọ sí Ìbàdàn láti gba àṣẹ, ó sì ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Àwa náà mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá lọ sí Ìbàdàn ní Sátidé kò lè rí ọ̀gá kan tí yóò fọwọ́ sí ohunkóhun títí di Mọ́ńdè.

Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín bó ṣe ń dùn mí: ó ń ṣiṣẹ́. Oòrùn yọ, ó gun òkè, katapílà mẹ́ta dúró bí ẹran tí wọ́n so. Jẹ́ẹ́dé, tó ti ń bínú pé a kò gbé ìbọn, bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Àwáwù mú omi wá, ó ń fi ife sí Míìsì lẹ́nu, ó sì tún oríkì náà kì sókè réré, kí àwọn ọlọ́pàá lè gbọ́. Wọ́n gbọ́. Ọ̀gá wọn, tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ṣílẹ̀kùn, gbọ́ ọ jù.

Àwọn ará Ilero ń dé láti wòran. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà Àgọ́-Àrẹ náà dúró. Wọn kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n mọ̀: obìnrin àlejò nínú ẹ̀wọ̀n nínú oòrùn, ogójì ọkùnrin ilé Ládòkun tó yí i ká. Mo gbọ́ tí obìnrin arúgbó kan ń béèrè pé, "Ta ló mú u lẹ́rú?" Ládòkun gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí apá ibòmíràn.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán ni ọ̀gá ọlọ́pàá náà sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó rìn tọ Ládòkun wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn. Ọmọ ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire ni, ó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ẹ kú oòrùn, Baba. Ládòkun, ọmọ arìnnà-Dàhọ̀mì-bọ̀, ọmọ afokùn-so-ajá má fẹ̀wọ̀n so ó," ó ní. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. "Mo gbọ́ oríkì yín láàárọ̀, inú mi dùn sí i. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí kò yé mi. Ilé tí kì í fi ẹ̀wọ̀n so ajá, ṣé àlejò ni wọ́n ń fi so?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Mo ti rí ọ̀tá tó lo ìbọn, mo ti rí èyí tó lo owó, ṣùgbọ́n èyí ló le jù. Ládòkun wá bá mi. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Baba, ọgbọ́n ni ó ń ta fún yín. Ẹ má gbà á."

"Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Òótọ́ náà ni. Mú un wá."

"Mo ti búra fún un."

Míìsì ti rí wa. Ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ ti pupa bí ata. "Mọ́nsúrù, má ṣe é," ó pariwo. Ó tún un wí ní Yorùbá: "Má ṣe é o."

Nígbà náà ni Ládòkun ṣí fìlà lórí. Àgbà tí ewú bo orí rẹ̀ ṣí fìlà fún mi lójú gbogbo ìlú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ orúnkún ba. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lè sọ pé ẹ kì bá tí fún un. Ó dáa. Ilé wa kọ́ lẹ ti jáde. Kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, mo ti kó kọ́kọ́rọ́ náà lé Jẹ́ẹ́dé lọ́wọ́.

Jẹ́ẹ́dé ṣí i. Míìsì di irin mú, ó ń jà, ó ń fi ẹsẹ̀ ta, kò sì sí ẹni tó bínú sí i. Ọkùnrin mẹ́wàá gbé e bí ẹni gbé ìyàwó tuntun, ọgbọ̀n ìyókù sì ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń kí i kú oríire, wọ́n ń pọ̀n ọ́n lé. Àwọn ará Ilero pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa la bá a dé abẹ́ òjìji igi tó wà ní etí ọ̀nà, gbogbo wa, àwa tí a fi Kùránì àti àdá búra pé a kò ní fi afárá sílẹ̀.

Afárá ṣófo. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ka Fátíhà lọ. Ẹ́ńjìnnì dún. Jẹ́ẹ́dé ló kọ́kọ́ yíjú padà, ó sáré lọ, ọlọ́pàá fi kóńdó gbá a ní orúnkún, ó ṣubú. Wọ́n mú ènìyàn mẹ́rin. Ìjà náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Katapílà àkọ́kọ́ gun afárá, ó sọdá, ó wọ oko bàbá mi, ó sì fi irin iwájú rẹ̀ ti igi irúgbá náà títí gbòǹgbò rẹ̀ fi yọ. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà lórí afárá, katapílà náà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

N kò sunkún. Inú bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bínú sí Ládòkun nítorí orúnkún rẹ̀, mo bínú sí Míìsì nítorí kò wá lọ́nà tí a fi lè gbà á, mo sì bínú sí ọwọ́ mi.

Ládòkun fúnra rẹ̀ bu omi, ó gbé e fún Míìsì. Ó ti mọ ohun tí a ṣe. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé kò sí ẹni tí yóò sọ láé pé a mú àlejò lẹ́rú."

Mo sọ fún un. Míìsì mu omi náà tán, ó nu ẹnu, ó ń fi ọwọ́ pa ìbàdí rẹ̀ níbi tí irin ti bó o. Mo rò pé yóò bú wa. Kò bú wa.

"Sọ fún un pé n ó tún du ipò náà. Ọdún mẹ́rin sí i. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ iná tí wọn yóò rì mọ́ inú odò yìí. Bí mo bá wọlé, n ó sọ̀rọ̀ abà mẹ́sàn-án yìí níbẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ ní kíkún, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ládòkun fi fìlà rẹ̀ sórí, ó wo ìhà oko, níbi tí katapílà kejì ti ń sọdá. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò tíì dìbò fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní òun kò rí ẹni tó tó dìbò fún.

"Bi í léèrè fún mi," ó ní, "níbo ni wọ́n ti ń di ìbò náà, kí a lè tètè gbéra."

N kò túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún Ládòkun pé ìlú òyìnbó ni, kò sí ibi tí a lè gbà dé ibẹ̀.